Ojú Àwọ̀n Tó Tóbi Ju Ìsàlẹ̀ Èkó Lọ

Apẹja tó ń da àwọ̀n sínú ọ̀sà Èkó mọ̀ pé bí ojú àwọ̀n bá ṣe fẹ̀ tó ló ń sọ irú ẹja tí òun máa kó wálé. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ gbòòrò lè mú ẹja ńlá, ṣùgbọ́n ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ á gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ òjò rí lónìí fún ẹni tó ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó ń ṣírò ojú ọjọ́ fún gbogbo ayé, tí fóònù wa ti ń mú àsọtẹ́lẹ̀ wá, ń pín ilẹ̀ ayé sí ojú-ojú bí àwọ̀n, wọ́n á wá ṣírò iye òjò kan, iye ooru kan àti ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kan fún ojú kọ̀ọ̀kan. Ti ibùdó ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, ECMWF, tó wà lára àwọn tó mọṣẹ́ jù lágbàáyé, ojú kan nínú àwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 9 ní ìbú àti 9 ní òòró. Ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní GFS, tó bíi 13. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Island lódindi, láti Ìgá Ìdúngànràn dé Lafíàjì, láti Ẹbútẹ̀ Èrò dé Marínà, kò ju kìlómítà onígun mẹ́rin 8.7 lọ. Ojú kan ṣoṣo nínú àwọ̀n àwọn ará Yúróòpù gba irú rẹ̀ mẹ́sàn-án, ó sì tún ṣẹ́ kù. Ìdúmọ̀tà, Ìdúmàgbò, Balógun, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó: lójú kọ̀ǹpútà yẹn, ibì kan náà ni gbogbo wọn, àti omi ọ̀sà tó yí wọn ká. Òjò tó bo Ìdúmàgbò mọ́lẹ̀ tí kò dé Marínà, ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ ni. Àwọ̀n yẹn kò lè mú un.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Kò sí àjèjì tó máa bá wa hun àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré tó bí erékùṣù yìí ṣe nílò rẹ̀, àfi kí àwọn ọmọ wa fúnra wọn kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun ún. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́ ní yunifásítì, tí ọ̀pọ̀ òbí ń wò bí ẹ̀kọ́ ẹni tí kò rí ohun tó wù ú gbà, wà lára ẹ̀kọ́ tí Èkó nílò jù. Ẹni tí a ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń nawọ́ sí àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà ló máa ń wá sọ́kàn wa tí wọ́n bá dárúkọ ìmọ̀ yìí. Iṣẹ́ gidi ni ti onítọ̀hún, ṣùgbọ́n ìdí iṣẹ́ náà kọ́ nìyẹn. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ẹnu rẹ̀, ẹnì kan ti ka ohun èlò ní pápákọ̀ òfurufú ní wákàtí-wákàtí, ẹnì kan ti tú bàlúù tó gbé ẹ̀rọ kékeré dání sókè kọjá ìkúukùu, ẹnì kan ti wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà, ẹnì kan sì ti jókòó ti ìṣirò títí ojú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, FUTA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, ọdún márùn-ún ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò lórí ẹ̀kọ́ yìí. Fíṣíìsì àti ìṣirò ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fúyẹ́ tó bá gbóná, bí omi ṣe ń di ìkúukùu tí ìkúukùu sì ń di òjò, bí ayé tó ń yí ṣe ń tẹ ọ̀nà afẹ́fẹ́. Lórí èyí ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìlànà fún kọ̀ǹpútà àti bí wọ́n ṣe ń fi àkọsílẹ̀ ọdún púpọ̀ ṣírò ohun tó ń bọ̀. Ẹ̀kọ́ tó le ni. Síbẹ̀, nígbà tí èsì ìdánwò JAMB bá jáde, ọmọ tí máàkì rẹ̀ kò gbé e dé ìmọ̀ ìṣègùn ni wọ́n sábà máa ń tì síbẹ̀, òun náà á sì máa wá ọ̀nà àtijáde láti ọdún kìíní. À ń fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò yàn án. Àdánù ńlá ni, àwa la sì ń jẹ ẹ́.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá rárá. Èdè wa fúnra rẹ̀ jẹ́rìí. Àwọn baba wa kò pe gbogbo òjò ní òjò lásán: àkọ́rọ̀ ni ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọ̀wàrà ni èyí tó ń ya bí ẹni tú omi dànù, àrọ̀kúrò ni ti ìparí. Wọ́n ya ọyẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìrì, kùrukùru àti ìkúukùu. Ẹni tó ṣọ́ nǹkan títí tó fi mọ̀ ọ́n lórúkọ báyìí, onímọ̀ ni. Ohun tí yunifásítì fi kún un ni ìdí tí nǹkan wọ̀nyí fi ń ṣẹlẹ̀. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ó rin gbingbin fún omi. Ìkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà oòrùn, ó gbẹ, ó sì ru eruku. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ń tẹ̀ lé oòrùn lọ sókè, ó sì ń tẹ̀ lé e bọ̀ nísàlẹ̀, ibi tó bá sì wà lónìí ló ń sọ bóyá òjò máa rọ̀ l'Ékòó tàbí kò ní rọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì méjì, Hamilton àti Archbold, ti kọ èyí sílẹ̀ kíkún nípa Nàìjíríà láti 1945. Ìsinmi òjò tí a máa ń rí ní oṣù Kẹjọ náà ní ìdí tirẹ̀: lásìkò yẹn, omi tútù a máa ru láti ìsàlẹ̀ òkun wá sókè ní etíkun Gánà àti Côte d'Ivoire, òkun tó tutù kì í sì í fún ìkúukùu lágbára. Baba wa mọ̀ pé òjò á sinmi. Ẹni tó bá mọ ìdí ìsinmi náà lè wo bí òkun ṣe gbóná sí lóṣù Kẹfà, kó kìlọ̀ fún wa ní ọdún tí ìsinmi náà kò ní wá bó ṣe yẹ.

Nígbà tí mo bá sọ báyìí, èsì tó sábà máa ń kọ́kọ́ wá ni pé gọ́tà ni ìṣòro Ìsàlẹ̀ Èkó, kì í ṣe àìmọ ojú ọjọ́. Wọ́n á ní ká kọ́kọ́ kó ọ̀rá àti pàǹtí kúrò lójú omi ní Ìdúmàgbò àti Ẹlẹ́gbàtá, ká dẹ́kun kíkọ́ ilé sórí ojú àgbàrá, òjò kò sì ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní gbèjà àwọn tó ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà. Ṣùgbọ́n gọ́tà fúnra rẹ̀, ta ló sọ bó ṣe yẹ kó fẹ̀ tó? Ẹ́ńjiníà kò lè dédé fi ojú wọn ọ́n. Ó gbọ́dọ̀ mọ iye òjò tó lè rọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iye tó lè rọ̀ ní wákàtí kan, àti iye ìgbà tí irú rẹ̀ lè wáyé láàárín ogún ọdún. Níbi tí ẹnì kan ti ń ka ìwọ̀n òjò lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹlòmíràn sì jókòó ti àkọsílẹ̀ náà, ni nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Bí kò bá sí nọ́ńbà, gọ́tà á kéré jù, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é, wọ́n á tún fọ́ ọ, owó ìlú á sì tún wọ inú rẹ̀. Ẹ wo òjò ọjọ́ Àìkú 10 oṣù Keje 2011, tó pa èèyàn l'Ékòó tó sì kún inú ilé àìmọye èèyàn. Ó lé ní mìlímítà 200 lọ́jọ́ kan náà. Bí irú rẹ̀ bá bo Lagos Island láti òkè dé ìsàlẹ̀, omi tó já lulẹ̀ á kún ọkọ̀ táńkà onílítà 10,000 tó lé ní 170,000. Lórí ilẹ̀ tí ilé fara kan ilé, tí kọnkéré bo gbogbo rẹ̀, tí kò sí yẹ̀pẹ̀ tó máa fa omi mu, gbogbo táńkà wọ̀nyẹn ń wá ọ̀nà lọ sí ọ̀sà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbà tí omi náà bá dé ẹnu ọ̀sà gan-an ni ọ̀rọ̀ tún wá ń le. Ọ̀sà Èkó so mọ́ òkun. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi rẹ̀ ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà. Bí omi ọ̀sà bá ga ju ẹnu gọ́tà lọ, gọ́tà tó mọ́ fónífóní pàápàá kò lè da nǹkan kan síbẹ̀. Omi ọ̀sà ló máa gba inú rẹ̀ padà wọ àdúgbò. Òjò kan náà, tó bá rọ̀ nígbà tí omi ti fà, á lọ láìjà láìta. Tó bá rọ̀ nígbà tí omi kún, á wọ ilé. Àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ Èkó fúnra wọn máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn òjò ńlá pé ọ̀sà tó kún ló dí omi lọ́nà. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òjò la máa ń gbọ́ ọ. Wákàtí tí òkun máa kún ṣeé ṣírò ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, nítorí òṣùpá àti oòrùn ló ń darí rẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í yẹ àdéhùn. Òjò nìkan ló kù. Ẹni tó lè gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò ìkún ọ̀sà, kó sì sọ fún ará Ìdúmàgbò ní àárọ̀ pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní ni kó bẹ̀rù, òun ni ìlú yìí kò tíì ní tó. Ìgbì òkun náà wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ìjì tó jà ní ọ̀nà jíjìn réré ní gúúsù Àtìláńtíìkì lè ti ìgbì ńlá dé etíkun wa láìsí ẹ̀fúùfù kankan l'Ékòó, kí ẹni tó sùn sétí omi má sì mọ nǹkan kan. A kò gbàgbé ohun tí òkun ṣe ní etíkun Kuramo l'Ékòó ní 18 oṣù Kẹjọ 2012, nígbà tí ìgbì gbé àwọn tó wà létí omi lọ.

Àwọn kan á ní fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, kí la tún ń wá. Ìdáhùn wà nínú ìwádìí tí Peter Vogel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Karlsruhe, ní Jámánì, gbé jáde ní 2018. Wọ́n kó àsọtẹ́lẹ̀ òjò láti ibùdó ńláńlá mẹ́sàn-án lágbàáyé jọ, ti 2007 sí 2014, wọ́n fi wé òjò tó rọ̀ gan-an ní apá ibi tiwa ní Áfíríkà, títí kan etíkun tí Èkó wà. Ẹni tó kàn ṣí àkọsílẹ̀ ọdún àtẹ̀yìnwá, tó ní lásìkò báyìí òjò máa ń rọ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta nínú mẹ́wàá, mọ̀ ọ́n tó àwọn kọ̀ǹpútà olówó gọbọi yẹn. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe wọ́n kò mọṣẹ́. Ní Yúróòpù, ìjì tó fẹ̀ tó orílẹ̀-èdè kan ló sábà máa ń gbé òjò wá, àwọ̀n wọn sì tó láti mú un. Òjò tiwa yàtọ̀. Ilẹ̀ á gbóná lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ tútù láti orí òkun á wọlé, ìkúukùu á ga fíofío láàárín wákàtí díẹ̀, á bú, á tán. Ohun èlò tó ń wo ojú ọjọ́ ní Áfíríkà kò sì pọ̀, nítorí náà ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀ nípa wa kò tó nǹkan.

Bí àwọn ọ̀mọ̀ràn ayé bá wá kùnà tó báyìí, kí ni ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó jáde ní Àkúrẹ́ fẹ́ ṣe? Ìbéèrè tó yẹ ni, ó sì ní ìdáhùn. Lóṣù Kẹta sí Karùn-ún, àti nígbà tí àrọ̀kúrò bá ń bọ̀, ìjì olójò a máa tò lọ́wọ̀ọ́ láti ìlà oòrùn bọ̀ wá sí ìwọ̀ oòrùn. Ará Èkó mọ̀ ọ́n dáadáa: afẹ́fẹ́ tútù tó ń ṣí páànù lórí ilé kí ẹ̀kán omi àkọ́kọ́ tó bọ́. Irú ìjì yìí kì í fara pamọ́. Sátẹ́láìtì ń ya àwòrán rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà sì lè rí i nígbà tó ṣì wà lókè Ìjẹ̀bú Òde, wákàtí kan sí méjì kó tó dé Afárá Third Mainland. Ní 2017 ni FUTA àti NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, dara pọ̀ mọ́ àwọn tó bá Yunifásítì Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ lórí irú àsọtẹ́lẹ̀ wákàtí díẹ̀ yìí, nínú ètò tí wọ́n pè ní African SWIFT, nítorí náà kì í ṣe àlá. Wákàtí kan lè má jọ nǹkan kan létí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì. Fún obìnrin tó tẹ́ àǹkárá sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní Balógun, ó tó láti kó ọjà wọlé kó má bàa di gbèsè. Fún ọlọ́kọ̀ ojú omi tó fẹ́ kó èrò kúrò ní Ẹbútẹ̀ Èrò lọ sí Ìkòròdú, ó tó láti so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ó tó láti sọ pé kí àwọn ọmọ má tíì máa lọ ilé. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ẹni tí wọ́n bá sì ti kìlọ̀ fún, eji kì í rí i níta.

Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sórí òjò. Lóṣù Kẹfà àti Keje 2016, àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà to ohun èlò sí ìlú mẹ́ta fún ètò kan tí wọ́n ń pè ní DACCIWA: Kumasi ní Gánà, Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin, àti Ilé-Ifẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú mẹ́ta sì ń fò láti Lomé láti wọn afẹ́fẹ́ lókè. Méjì nínú ìlú mẹ́ta yẹn, ilẹ̀ Yorùbá ni. Nínú ohun tó jáde láti inú iṣẹ́ wọn ni pé lásìkò òjò, èéfín igbó tí wọ́n ń jó ní àárín gbùngbùn àti gúúsù Áfíríkà ń gba orí òkun dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ń dà pọ̀ mọ́ èyí tí àwa fúnra wa ń ṣe. Èyí tí àwa ń ṣe náà kò kéré: jẹnẹrétọ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà, èéfín dánfó, ààtàn tí wọ́n ń dáná sun. Báńkì Àgbáyé ṣírò pé ní 2018, nǹkan bí èèyàn 11,200 ló kú láìtọ́jọ́ l'Ékòó nítorí afẹ́fẹ́ tó bàjẹ́. Omíyalé kì í pa tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún, ṣùgbọ́n ìgbà tí omi bá dé orókùn nìkan la máa ń pariwo. Ẹni tó lè sọ ibi tí èéfín náà ti ń wá, àsìkò tó ń pọ̀ jù àti ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ dẹ́kun, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́ ni.

Àtakò tó wúwo jù ni ti iṣẹ́. Òbí tó ń ta ọjà ní Jańkárà láti fi rán ọmọ lọ yunifásítì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí ọmọ náà máa ti jẹun. NiMet, tí òfin 2003 dá sílẹ̀, ni agbanisíṣẹ́ tó máa ń wá sọ́kàn, kò sì lè gba gbogbo ẹni tó bá jáde. N kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: ọmọ tó bá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nítorí pé ó ń retí iṣẹ́ ìjọba lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ lè dúró pẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́, ìyẹn ìṣirò, kọ̀ǹpútà àti bí wọ́n ṣe ń fi àkọsílẹ̀ sọ ohun tó ń bọ̀, ohun tí àwọn báńkì àti ilé iṣẹ́ fóònù ń wá náà ni. Pabanbarì ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ ojú ọjọ́ gan-an pọ̀ káàkiri Èkó, ẹni tó máa sanwó fún un ni kò tíì mọ̀ pé òun nílò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò tó wà ní Broad Street àti Marínà ń sanwó lórí ọjà tó rin àti ilé tó wó. Kò bójú mu kí wọ́n máa ṣe é láìní ẹni tó mọ òjò láàárín wọn. Ọkọ̀ ojú omi tó ń wọ Àpápá nílò rẹ̀, àwọn tó ń wa epo lórí òkun nílò rẹ̀, ọkọ̀ òfurufú nílò rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú ADC já ní Àbújá ní 29 oṣù Kẹwàá 2006, tí èèyàn tó lé ní 90 kú, àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ ní inú ojú ọjọ́ tó ti bàjẹ́ ni awakọ̀ náà ti gbéra.

A sì ti rí ohun tí ọmọ ilẹ̀ yìí lè fi ìmọ̀ yìí ṣe. Godwin Obasi, ọmọ Ògòrì ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Kogí, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú rẹ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1963, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nairobi, ó sì jẹ́ akọ̀wé àgbà fún Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé, WMO, láti 1984 títí di 2003. Èyí tó tún wú mi lórí ju oyè lọ ni iṣẹ́ tí Jerome Omotosho àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Àkúrẹ́, Balogun àti Ogunjobi, tẹ̀ jáde ní 2000. Wọ́n fi hàn bí a ṣe lè sọ ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa dáwọ́ dúró ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà nípa lílo ohun tí a wọ̀n ní orí ilẹ̀ nìkan, láìsí bàlúù, láìsí kọ̀ǹpútà arabarìbì. Ọmọ tó mọ ohun tí ilé òun kò ní, tó sì wá ọgbọ́n fi ohun tó wà níbẹ̀ ṣe é, ló lè ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ kan ní Yúróòpù tó máa jókòó wá ìyẹn fún wa.

Ti àwọn tó ní Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí òjò máa ṣe, n kò ní bá wọn jà. Ọlọ́run tó ni òjò náà ló ni oòrùn, a sì mọ aago tó máa wọ̀ lọ́la.

Erékùṣù yìí ti jàǹfààní irú ìmọ̀ báyìí rí. Ìjọba rán Herbert Macaulay lọ sí Plymouth ní 1890, ó padà dé ní 1893 bí ẹ́ńjiníà àti wọnlẹ̀-wọnlẹ̀, ìmọ̀ ilẹ̀ tó kọ́ ló sì fi jà fún àwọn onílẹ̀ Èkó nígbà tó yá. William MacGregor tó ṣe gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, dókítà ìṣègùn ni. Nítorí pé ó lóye ẹ̀fọn àti ibà ló ṣe fa omi irà kúrò káàkiri erékùṣù, tí wọ́n sì gbẹ́ odò tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láàárín Èkó àti Ìkòyí. Ẹni tó ní ìmọ̀ ló yí ilẹ̀ yìí padà nígbà yẹn. Lónìí, àwọn ọmọ Tógò, Mali àti Burkina Faso ń wá sí Àkúrẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ojú ọjọ́ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lábẹ́ ètò WASCAL tí Jámánì ń ràn lọ́wọ́. Ọ̀kan lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí WMO fọwọ́ sí fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Áfíríkà wà ní Ọ̀ṣọ́dì tí a ń wọ ọkọ̀ kọjá. Àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá mu omi nínú kànga tó wà lẹ́yìnkùlé wa.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Island kò pọ̀. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn òjò sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gírámà tó wà lórí erékùṣù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti King's College tó ti wà níbẹ̀ láti 1909, kí àwọn ọmọ náà máa kà á lójoojúmọ́ kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ètò TAHMO, tí àwọn onímọ̀ láti Delft àti Oregon bẹ̀rẹ̀, ti ń gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ káàkiri Áfíríkà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n ya ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ọmọ mẹ́wàá péré tó fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́, kí wọ́n sì ṣèlérí iṣẹ́ fún wọn ní ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó gọ́tà àti omi, kí ẹni tó ń gbẹ́ gọ́tà àti ẹni tó mọ òjò jọ máa jókòó sí yàrá kan náà. Ogún ọdún sí ìsinsìnyí, a máa ní àkọsílẹ̀ òjò Ìdúmàgbò, ti Ìdúmọ̀tà àti ti Lafíàjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọmọ wa kà, tí ọmọ wa ṣírò.

Ẹ̀yin òbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ kù sí. Bí fọ́ọ̀mù JAMB bá tún dé, tí ọmọ yín fẹ́ràn ìṣirò, tó sì jẹ́ ẹni tó máa ń gbójú sókè wo ìkúukùu kó tó jáde nílé, ẹ má sọ fún un pé ẹ̀kọ́ ẹni tí kò rí ìmọ̀ ìṣègùn gbà ni. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sí ipò kìíní, kó lọ sí Àkúrẹ́ fún ọdún márùn-ún, kó sì padà wá sílé.